Ahun Ni Mí Ni, Àbí Mo Kàn Ń Ṣọ́wó Ná?

Oṣù kejì ọdún 2024 la kó wọ ilé wa. Bí ẹ bá gbọ́ "ilé wa", ẹ má rò pé ilé aláràbarà ni o. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, lẹ́yìn Mọ́níyà lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, níbi tí ilé ṣì ń bá igbó du àyè. Ọdún mẹ́jọ la fi kọ́ ọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìpìlẹ̀. Lọ́dún kejì, búlọ́ọ̀kù. Lọ́dún kẹta, a ò lè ṣe nǹkan kan, koríko hù nínú pálọ̀. Kì í ṣe pé ó ti parí la fi kó wọ ọ́. Onílé tí à ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sángo ló fi owó lé owó ilé, a wá ṣírò rẹ̀ pé owó ọdún kan tí a ó kó fún un yóò ra ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún ilé tiwa.

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí láyé ìsinsìnyí á mọ irú ilé tí mò ń sọ. Páànù wà lórí. Ilẹ̀kùn wà níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n ti rẹ́ inú, wọn ò tíì rẹ́ ìta. Yàrá méjì ò ní síílíǹ, bí òjò bá ń rọ̀ a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa. Kíṣìnnì ò ní kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Lásìkò yẹn gan-an ni owó àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ kò ju ọwọ́ náà lọ.

Bàbá Ayọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Nítorí náà, èmi, Ayọ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin la bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Mo ra rólà. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì. Mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, mo ra àwọn àjẹkù pákó tí káfíńtà kì í fẹ́ gbé, mo ní màá fi kan pẹpẹ sí kíṣìnnì. Mo rò pé ohun rere ni mò ń ṣe. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí mi ò rí nígbà yẹn, òun ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ.

Ọjọ́ kẹta tí a dé ni bàbá kan wọlé wá kí wa. Yàrá kan ló háyà ní ilé kejì sí tiwa. Bàbá Pẹ́ńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ṣàdúrà fún wa: ilé á tura, ilé á gba ọmọ, ilé á gba owó. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri pálọ̀ bí ẹni ń pa ẹ̀yìn màlúù, ó ní, "Ìyá Ayọ̀, iṣẹ́ wà níbí o. Ẹ ra pẹ́ńtì, ẹ fún mi ní ₦150,000, inú ilé yìí á máa dán."

Mo ní, "Bàbá, a dúpẹ́ sà. Kò sówó báyìí ni. Tówó bá dé, ẹ̀yin náà la ó pè."

Ó ní kò burú. Ó lọ.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ra ike pẹ́ńtì olómi lítà 20 kan, èmi àti Ayọ̀ gbé àkàbà wọ yàrá àwọn ọmọ. A ti kun ògiri kan tán nígbà tí mo gbọ́ ohùn lójú fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ojú tì mí. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ṣùgbọ́n bàbá ò wo ojú mi, ògiri ló ń wò. "Ìgbà wo ni wọ́n rẹ́ ibí yìí?"

"Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì sà."

"Ẹ gbé rólà yẹn kalẹ̀."

Ó wọlé. Ó ní kí Ayọ̀ wá ọ̀rá kan tó mọ́ gaara wá, pẹ̀lú téèpù. Ó na ọ̀rá náà mọ́ ògiri tí a ò tíì kùn, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ ibẹ̀, ó ní ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti sẹ̀ sínú ọ̀rá náà bí òógùn. "Ẹ rí i? Omi ṣì wà nínú sìmẹ́ǹtì. Ògiri tuntun, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí ẹ bá fi pẹ́ńtì dí i mọ́lẹ̀, omi yẹn á wá ọ̀nà jáde, á sì ti pẹ́ńtì dànù." Bó ṣe wí náà ló rí. Ògiri tí a ti kùn yẹn lé ròrò láàárín oṣù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó kọ́ wa pé ká fi sáńpépà ha ògiri, ká fi àkísà tútù nu eruku rẹ̀ kúrò, nítorí orí eruku ni pẹ́ńtì á lẹ̀ mọ́ bí a ò bá nù ún, kì í ṣe ara ògiri. Ó ní òkè la ti ń kun ilé bọ̀ wá sílẹ̀. Igun àti etí ni ká fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe kí rólà tó dé. Ká fi omi díẹ̀ là á ní ìgbà àkọ́kọ́ kí ògiri lè mu ún, kí a má sì kánjú kun èkejì kí àkọ́kọ́ tó gbẹ. Gbogbo èyí, lórí ìdúró ni. Kò tó wákàtí kan.

Nígbà tó ń lọ, mo fi ₦5,000 sínú àpòòwé, mo sáré tẹ̀ lé e.

"Kí lèyí?"

"Owó omi ni sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. "Ìyá Ayọ̀, ẹ ò pè mí síṣẹ́. Ẹ má sanwó iṣẹ́ tí ẹ ò pè mí sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, ọjọ́ ọdún ń bọ̀."

Inú kò bí i. Ká ní inú bí i ni, ìbá rọrùn fún mi.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn ládùúgbò. Làńdíledì tó ń gun àkàbà. Làńdíledì tó ń kan ìṣó. Obìnrin kan tó ń ta àgbo ní ojú ọ̀nà wa sọ ọ́ létí mi láìfi bò: "Ẹni tó kọ́lé tí ò lè gba pẹ́ńtà, ahun ni ká pè é àbí kí ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Ta ni ahun? Ahun kọ́ ni ẹni tí kò ní. Ahun ni ẹni tó ní, tí ohun tó ní kò lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí à ń pe ìjàpá nínú àlọ́, Alábahun, kò jìnnà sí orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó: ìjàpá ni ẹranko tó ń dá gbé ilé ara rẹ̀ kiri. Kò háyà ẹnì kankan, kò jẹ ẹnì kankan lówó. Ilé náà kò sì gba àlejò kan ṣoṣo.

Mo kọ́kọ́ gbèjà ara mi báyìí. Mo ní: èmi kì í ṣe ahun, mi ò ní ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sòótọ́, nígbà tí mo sọ fún Bàbá Pẹ́ńtà pé kò sówó, owó wà. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà nínú báńkì. Owó tí a fẹ́ fi ra tánkì omi wà níbẹ̀. "Kò sówó" tí mo sọ, ohun tó túmọ̀ sí gan-an ni pé "owó tó wà, mi ò fẹ́ ná an lé e yín lórí". Irọ́ ni mo pa bí? Ní ilẹ̀ wa, gbogbo ayé ló mọ̀ pé "kò sówó" kì í ṣe ìròyìn báńkì. Bàbá náà mọ̀. Síbẹ̀, mo fi ìlérí bò ó mọ́lẹ̀, mo ní "ẹ̀yin náà la ó pè". Ìlérí yẹn ló ń tẹ̀ lé mi kiri.

Lẹ́yìn náà mo tún gbèjà ara mi lọ́nà mìíràn, èyí sì lágbára díẹ̀. Mo ní: ṣé ẹ̀tọ́ ẹni kan ni iṣẹ́ inú ilé mi? Bí mo bá se ẹ̀wà nílé, kò sẹ́ni tó máa sọ pé mo gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá olóúnjẹ. Bí mo bá fọ aṣọ mi, mi ò ṣẹ alágbàfọ̀. Kí ló dé tí ẹni tó bá kun ògiri rẹ̀ fúnra rẹ̀ á fi jẹ̀bi pẹ́ńtà? Bí a bá ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kólé gba bíríkìlà, kó gba káfíńtà, kó gba oníná, kó gba pọ́ḿbà, kó gba oní-táìlì, kó sì gba ẹni tí yóò gé koríko, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kú sílé àyágbé. Owó tí mo ní, ti àwọn ọmọ tó wà nínú ilé ni kó tó di ti ẹni tó wà níta.

Mo ṣì gbà pé òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó jẹ́ dandan fún un láti gba òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n àfiwé ẹ̀wà yẹn ní ibì kan tó ti já. Ìyá mi ló kọ́ mi ní ẹ̀wà sísè. Mi ò lọ dúró sí ìsọ̀ olóúnjẹ kí n ní kó kọ́ mi lófẹ̀ẹ́, kí n wá padà sílé lọ dá a sè. Ti ògiri ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tí bàbá yẹn fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ, mo gbà á láàárín wákàtí kan, mo sì ṣẹ́ owó iṣẹ́ kù sápò. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi jẹ ẹ̀kọ́, mo jẹ iṣẹ́, mo jẹ owó. Kí ni mo ṣẹ́ kù sínú àwo?

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ìyá ìyá mi. Ilé amọ̀ ni wọ́n gbé lábúlé, lẹ́bàá Lánlátẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí wọn tí àwọn àti obìnrin mẹ́rin márùn-ún kúnlẹ̀, tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pò mọ́ omi pa ilẹ̀ ilé kó lè le, kó sì dán. Wọn ò san kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ahun. Kí ló wá yàtọ̀ láàárín wọn àti èmi tí mo di rólà mú?

Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọn ò dá a ṣe. Ìyá àgbà náà ti lọ pa ilẹ̀ ilé àwọn mẹ́rin yẹn kí wọ́n tó wá pa tiwọn. Àáró là ń pè é: ẹ bá mi ṣe tèmi lónìí, màá bá yín ṣe tiyín lọ́la. Bí iṣẹ́ bá tóbi, bíi ká mọ ògiri tàbí ká bo òrùlé, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á pèsè oúnjẹ àti ohun mímu, àwọn aládùúgbò, mọ̀lẹ́bí àti àna á wá, ògiri á sì ga sókè kí oòrùn tó wọ̀. Owó ò kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbèsè ń yí ká. Gbogbo ilé tó wà lábúlé ló jẹ ara wọn ní iṣẹ́.

A sábà máa ń sọ fún onílé tuntun pé "ṣe é fúnra rẹ, wàá tọ́jú owó". Òótọ́ ni, owó á kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé nǹkan méjì lo fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: o fi owó pamọ́, o sì fi ara rẹ pamọ́ fún gbèsè aládùúgbò. O ò jẹ pẹ́ńtà lówó, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní Sátidé kan. Bí ilé mi bá parí láìjẹ pé mo jẹ ẹnì kan ní ohunkóhun, ṣé ohun tó yẹ kí n fi yangàn nìyẹn? Ìjàpá náà lè fi yangàn.

Àwọn kan á sọ fún mi pé ilé tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe ló jẹ́ tèmi jù. Ọ̀mọ̀ràn ará Ìlú Ọba kan, John Locke, ti sọ nǹkan tó jọ ọ́ nínú ìwé tó jáde ní 1689. Ó ní ohun tí Ọlọ́run dá sáyé, gbogbo wa la ni ín, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kún un, ó di tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n lójú ìwé kan náà, Locke sọ pé koríko tí ìránṣẹ́ òun bá gé, ti òun náà ni. Ẹ ṣàkíyèsí o. Iṣẹ́ ló ń sọ nǹkan di tẹni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìránṣẹ́ kò sọ ọ́ di ti ìránṣẹ́. Ọ̀gá ni ọwọ́ ìránṣẹ́ ń bá kó o jọ.

Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé èmi náà ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé "èmi ni mo tún ilé wa ṣe". Èmi dà níbẹ̀? Ta ló gbẹ́ ìpìlẹ̀? Àwọn ọmọkùnrin méjì kan tí mi ò mọ orúkọ wọn mọ́. Ta ló to búlọ́ọ̀kù? Bíríkìlà kan tó ti kó lọ sí Ṣakí. Ta ló sọ fún mi pé kí n fi ọ̀rá wo omi inú ògiri? Bí a bá ka ọwọ́ tó wà lára ilé mi, ọwọ́ tèmi á kéré, òun ló kàn pariwo jù.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bú iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ó ní ọlá tirẹ̀. Nígbà tí Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, ọ̀kan nínú ohun tí a fi mọ ilé-ìwé náà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ oko ń bá ìwé rìn níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun lè tún nǹkan ṣe, ìrìn rẹ̀ máa ń yàtọ̀. Mo rí i lára Ayọ̀. Ọmọ tí kì í gbé awo tó fi jẹun ló wá ń jí ní Sátidé láti ha ògiri. Òun ló kan pẹpẹ kíṣìnnì. Òun ló fi gọ́tà mú omi òjò láti etí òrùlé wọ inú dírọ́ọ̀mù, tí a fi ń fọ ilé ní gbogbo ìgbà òjò. Kò sí owó tí mo lè fi ra ohun tí iṣẹ́ yẹn ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà máa ń bo ojú. Pẹpẹ tí mò ń sọ yẹn, ó dagun. Ẹ gbé ẹyin lé e, yóò yí. Lójú tèmi, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn. Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Michael Norton, Daniel Mochon àti Dan Ariely, gbé iṣẹ́ jáde lórí irú ìfẹ́ yìí. Wọ́n fi IKEA sọ ọ́ lórúkọ, ilé iṣẹ́ Sweden tó ń ta àga àti tábìlì tí ẹni tó rà á yóò tò fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀kan lára ìdánwò wọn, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi bébà ṣe ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́. Iye tí àwọn tó ṣe é fẹ́ san fún ti ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí àwọn ẹlòmíràn fẹ́ san fún ti àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò bá wọn ṣe é, bébà rírún lásán ni. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé iṣẹ́ mi dára, ẹ má kánjú gbà mí gbọ́. Ẹ bi ẹyin.

Pẹpẹ tó dagun kò lè pa ènìyàn. Ohun kan wà tó lè pa ènìyàn, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. A fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí i ní kíṣìnnì. Wáyà kan ṣẹ́ kù nínú èyí tí wọ́n fi ṣe gílóòbù, 1.5 ni. Oníná ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé 1.5 wà fún iná gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, pé sítóòfù oníná tilẹ̀ fẹ́ èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wáyà náà wà nílẹ̀, kò sì ná mi ní nǹkan kan. Mo ní kí Ayọ̀ fà á. Ó fà á, iná wá, a pàtẹ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀wà ka sítóòfù oníná níbẹ̀, mo lọ máa máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òórùn ló pè mí. Rọ́bà ara wáyà ti yọ́ nínú ògiri, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dúdú. Àbúrò Ayọ̀ sì ń sùn ní yàrá tó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn.

Mo pa ṣíṣi iná, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo máa ń rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n fi òwe yẹn bá wí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èmi tí mò ń làágùn náà wà níbẹ̀. Owó wáyà tí mo rò pé mo fi pamọ́, mi ò fi í pamọ́ rárá. Ọrùn ọmọ tó ń sùn ni mo gbé e kọ́.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là díẹ̀. Ìbéèrè tí obìnrin alágbo bi mí, bóyá ahun ni mí, kì í ṣe ìbéèrè tí a lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" dáhùn fún gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìdáhùn tirẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó dáwọ́ lé ohunkóhun nínú ilé yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi.

Àkọ́kọ́: bí mo bá ṣe é tí kò dára, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bó bá jẹ́ èmi nìkan, bíi pẹ́ńtì tó bó, mo láṣẹ láti gbìyànjú. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń sùn, tàbí ẹni tó ń kọjá lábẹ́ ògiri, mi ò láṣẹ. Iná, òpó, pákó òrùlé, ṣaláńgá, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ra ilé àtijọ́ tí síílíǹ rẹ̀ jẹ́ asbestos, kò yẹ kí ẹ fi ayùn gé e fúnra yín láti fi dín owó kù. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ lè má hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tó ń ṣeré nítòsí náà á sì fà á símú.

Èkejì: ọwọ́ ta ni mo yọ kúrò, kí ni mo sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Mi ò jẹ pẹ́ńtà gbogbo ayé ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ mi, tó ń gbé nítòsí mi, tí mo ṣèlérí fún, ọ̀rọ̀ tiwa ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọjà.

Ẹ̀kẹta: kí ni iṣẹ́ náà ń sọ mí dà? Bó bá ń kọ́ èmi àti àwọn ọmọ mi ní sùúrù, tó ń jẹ́ ká mọ iyì ẹni tó fi iṣẹ́ yẹn jẹun, ó dára. Mo ti gun àkàbà, ọrùn ti dùn mí, mo wá mọ̀ pé ₦150,000 tí bàbá yẹn pè kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tí mo kọ́ ni pé kò sí ẹni tí mo nílò, á jẹ́ pé mo kọ́ ilé ìjàpá nìyẹn.

Lópin ọdún tó kọjá, a rí owó rẹ́ ìta ilé. Lẹ́yìn tó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èmi fúnra mi lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Pẹ́ńtà. Mo ní, "Bàbá, mo wá pè yín síṣẹ́ sà." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti ń wo ògiri náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rẹ́ ẹ. Ó pe iye rẹ̀. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé màá san ohun tó bá pè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ sọ pé "kò burú", mo rántí àpòòwé ọjọ́sí. Bí mi ò bá ná an, á mọ̀ pé àánú ni mò ń ṣe é. Mo bá ná an. Ó ní irọ́ ni, a fà á síwá, a fà á sẹ́yìn, a pàdé lágbedeméjì bí oníbàárà àti oníṣẹ́. Ọjọ́ náà ni ara mi tó fúyẹ́.

Ayọ̀ bá a ru àkàbà fún ọjọ́ mẹ́rin, bàbá sì san owó lébìrà fún un nínú owó tí mo san. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó wọlé, ó lọ tààrà sí yàrá àwọn ọmọ, ó wo ògiri tó bó yẹn. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò tún un kùn láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní mo ń fi rántí nǹkan kan ni. Ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ẹ ti rántí tó. Ẹ há a, ẹ nù ún, ẹ kùn ún. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Sátidé tó tẹ̀ lé e la kùn ún, èmi àti àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tiyín, ẹ kú orí ire. Ẹ ra rólà, ẹ ra òòlù, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín lórí àkàbà. Owó tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣẹ́ kù, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, kí ẹ mọ ẹni tó ń gbé níbẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ ò bá sì lè pè é lónìí, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ má ṣe bíi tèmi, kí ẹ sọ pé kò sówó.